Owó ilé rírẹ́: Ó yẹ kí iṣẹ́ bíríkìlà kún ojú òṣùwọ̀n

Ọ̀pọ̀ ilé ló wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí wọ́n ti kan páànù lé lórí, tí wọ́n ti fi ilẹ̀kùn sí, tí àwọn tó ni wọ́n sì ti ń gbé inú wọn, ṣùgbọ́n tí búlọ́ọ̀kù ara wọn ṣì wà níhòòhò. Kì í ṣe pé àwọn onílé náà kò fẹ́ kí ilé àwọn lẹ́wà. Owó ló tán nígbà tó ku kí wọ́n rẹ́ ilé. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ti rẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n tí ọdún kan kò tí ì pé tí ara ògiri fi bẹ̀rẹ̀ sí í lanu, tó ń bó lulẹ̀ bí eèpo iṣu sísè. Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí ló dunni jù, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn yóò ná owó kan náà.

Èyí ló mú ká sọ̀rọ̀ lórí owó ilé rírẹ́ lónìí. Èrò tiwa ni pé, bí símẹ́ǹtì ṣe wọ́n tó yìí, iṣẹ́ tí kò kún ojú òṣùwọ̀n ló ń jẹ owó onílé jù, àti pé onílé, ẹgbẹ́ àwọn bíríkìlà àti ìjọba ló ní láti jọ wá ojútùú sí i. Ẹni tó fẹ̀yìn tì tó fi owó tó gbà kọ́ ilé, àgbẹ̀ tó kó owó kòkó ọdún mélòó kan jọ, ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ sí láti òkè òkun, àwọn wọ̀nyí kò ní agbára láti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú wa rí lórí símẹ́ǹtì láti ọdún 2023. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún náà, tí náírà sì já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, owó ohun gbogbo gòkè, símẹ́ǹtì náà kò gbẹ́yìn. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ilé iṣẹ́ BUA kéde pé N3,500 ni àwọn yóò máa ta àpò kan láti ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ àwọn. Inú àwọn ènìyàn dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kò rí i rà ní iye náà. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, àpò oníkílò 50 ti ju N10,000 lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Mínísítà fún iṣẹ́ òde, David Umahi, pe àwọn ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì sí ìpàdé, wọ́n sì fẹnu kò pé kí àpò kan máa wà láàárín N7,000 sí N8,000, bí ibi tí wọ́n ti ń tà á bá ṣe jìnnà sí. Àdéhùn orí tábìlì yàtọ̀ sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà.

Ohun tó ń yani lẹ́nu ni pé inú ilẹ̀ Yorùbá gan-an ni wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe símẹ́ǹtì. Láti ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì ti wà ní Ewékorò, ti Ṣágámù tẹ̀ lé e, Dangote náà sì ṣí ti Ibèsè lọ́dún 2012. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Síbẹ̀, a kò gbọ́ pé símẹ́ǹtì di ọ̀pọ̀ fún ẹni tó ń gbé nítòsí wọn. Onílé kò lágbára lórí iye tí wọ́n ń ta símẹ́ǹtì. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe lo èyí tó rà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ onílé kì í ṣe é kí wọ́n tó pe bíríkìlà. Ká sọ pé yàrá kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn àti 12 ní fífẹ̀, tí ògiri rẹ̀ sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 480 níbùú lóròó. Bí a bá yọ ojú ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé kan kúrò, yóò ku bí 440. Àpò símẹ́ǹtì kan tí wọ́n pò mọ́ yanrìn bó ṣe yẹ, tí wọ́n sì fi rẹ́ ògiri tó gún régé, tí ìnípọn rẹ̀ lé díẹ̀ ní ìdajì ínǹṣì, yóò rẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Àpò 5 yóò tó yàrá náà nínú nìyẹn. Bí a bá fi N10,000 ṣe ìṣirò àpò kan, ó di N50,000 fún símẹ́ǹtì nìkan, láì tí ì ka yanrìn, omi, igi tí wọ́n máa dúró lé àti owó iṣẹ́. Ẹni tí iye tí wọ́n ń tà á ládùúgbò rẹ̀ bá yàtọ̀ lè fi tirẹ̀ rọ́pò.

Ṣùgbọ́n bí ẹni tó to búlọ́ọ̀kù kò bá lo okùn dáadáa, tí ògiri wọ́ síhìn-ín tó wọ́ sọ́hùn-ún, ẹni tó ń rẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi símẹ́ǹtì dí ibi tó jìn kí ojú rẹ̀ tó lè dọ́gba. Bí ìnípọn bá di ínǹṣì kan, àpò kan kò ní rẹ́ ju bí ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ. Yàrá tó yẹ kó gba àpò 5 yóò wá gba 8. N30,000 ti wọ inú ògiri lórí yàrá kan ṣoṣo, bí yàrá bá sì jẹ́ mẹ́rin, N120,000 ni. Owó tí onílé rò pé òun ti fi pamọ́ nígbà tó gbé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù fún ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré jù ló padà wá san yìí. Kò tán síbẹ̀ o. Èyí tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ògiri nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ń wúwo jù, òun ló sì ń tètè já bọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò rẹ́ ẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì, yóò jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ mú kí ó tó fi èkejì lé e.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Kí ló ń mú kí ògiri lanu? Èkínní ni yanrìn tó pọ̀ jù. Ìwọ̀n tó dára fún ilé rírẹ́ ni símẹ́ǹtì kan sí yanrìn mẹ́rin títí dé mẹ́fà, ìyẹn bí bárò yanrìn 2 sí 3 fún àpò símẹ́ǹtì kan. Àwọn kan wà tí wọ́n ń da bárò 5 tàbí 6 lé àpò kan, tí wọ́n á ní àwọn ń bá onílé ṣọ́ owó ná. Àwọn mìíràn sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí àpò lè ṣẹ́ kù fún wọn láti gbé lọ ní ìrọ̀lẹ́.

Èkejì ni yanrìn tí kò mọ́. Onílé lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀ láì náwó. Kó bu yanrìn dé ìdajì ìgò tó mọ́ gaara, kó bu omi kún un, kó gbọ̀n ọ́n dáadáa, kó sì gbé e kalẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Yanrìn yóò wà nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ yóò sì tẹ́ lé e lórí. Bí ẹrẹ̀ yìí bá nípọn, kó dá yanrìn náà padà. Bákan náà ni yanrìn etí òkun tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ kò dára fún ara ilé.

Ẹ̀kẹta ni ìkánjú. Ó yẹ kí wọ́n bu omi sí ara búlọ́ọ̀kù kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, nítorí búlọ́ọ̀kù gbígbẹ yóò fa omi inú símẹ́ǹtì mu kó tó lẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ti pò, kí wọ́n lò ó tán láàárín wákàtí kan. Èyí tó bá ti ń le, bíbu omi tuntun sí i kò lè jí i mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá rẹ́ ilé tán, kí wọ́n máa bu omi sí i lára fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Omi ló ń mú kí símẹ́ǹtì le. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà ló ń gba owó lọ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, tí kò sẹ́ni tó sọ fún onílé pé ó ku ọjọ́ 7.

Ẹ̀yin tó ń ra símẹ́ǹtì fúnra yín, ẹ máa wo ara àpò. Ní ọdún 2014, àjọ SON tó ń rí sí ìjójúlówó ọjà pàṣẹ pé símẹ́ǹtì tí wọ́n kọ 32.5 sí lára wà fún ilé rírẹ́ nìkan, pé 42.5 ni kí wọ́n máa fi ṣe búlọ́ọ̀kù àti òpó, kí 52.5 sì wà fún afárá àti iṣẹ́ ńláńlá. Kò sí ohun tó burú bí a bá fi 42.5 rẹ́ ilé, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 32.5 da òpó ilé yín. Kí ẹ sì to àpò lé orí pákó, kí ó má ṣe kan ilẹ̀, nítorí èyí tí ọ̀rinrin bá ti mú tó dì bí òkúta ti bàjẹ́ nìyẹn.

A kò gbàgbé àwọn òǹkàwé wa tó ń gbé ilé alámọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fẹ́ fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kó lè dà bí ilé ìgbàlódé. Kí wọ́n rọra ṣe é. Amọ̀ máa ń wú bí omi bá mú un, ó sì máa ń sún kì bó bá gbẹ, ṣùgbọ́n símẹ́ǹtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí símẹ́ǹtì fi ń ya kúrò lára amọ̀, tí omi òjò ń gba ibẹ̀ wọlé, tó sì ń jẹ ògiri láti inú láì jẹ́ kí onílé tètè mọ̀. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni kí wọ́n tún òrùlé ṣe kí etí páànù yọ síta dáadáa, kí wọ́n la ojú ọ̀nà fún àgbàrá kúrò ní ìdí ilé. Èyí yóò ṣe ògiri amọ̀ láǹfààní ju àpò símẹ́ǹtì mẹ́wàá lọ.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà náà máa ń dá ìmọ̀ràn wá pé kí a má rẹ́ ilé mọ́, kí a máa lo bọ́ọ̀dù bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wọn. Òótọ́ ni pé lọ́hùn-ún, igi ni wọ́n fi ń gbé ọ̀pọ̀ ilé dúró. Bọ́ọ̀dù jípúsọ̀mù tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó gùn ní 8, tó sì nípọn ní ìdajì ínǹṣì, ni wọ́n ń fi ìṣó oníyípo kàn mọ́ igi náà nínú ilé. Wọn yóò fi bébà lẹ ojú ibi tí bọ́ọ̀dù méjì ti pàdé, wọn yóò kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, wọn yóò sì fi bébà gbẹ́ ẹ títí yóò fi dán. Ẹnikẹ́ni tó bá lókun lè kan bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ìkùn ojú ìpàdé náà ni wọ́n ń pe oníṣẹ́ sí, nítorí ibẹ̀ ni àbùkù ti ń hàn. Iye ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n sì fi ń ṣírò owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé búlọ́ọ̀kù ni tiwa, òjò wa sì pọ̀. Bọ́ọ̀dù yìí àti P.O.P. tí a ń fi ṣe àjà kò fẹ́ omi rárá. Ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n, kó jẹ́ kí òjò ọdún kan rọ̀ lé òrùlé rẹ̀ lórí ná, kó rí i pé kò jò. Ohun tí a lè kọ́ lára àwọn ará Amẹ́ríkà kì í ṣe bọ́ọ̀dù, bí kò ṣe wíwọn iṣẹ́ kí wọ́n tó sọ iye rẹ̀.

Báwo wá ni onílé ṣe lè mọ bíríkìlà tó mọṣẹ́? Láyé àtijọ́, ọmọ iṣẹ́ yóò lo ọdún púpọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe òmìnira fún un, gbogbo ìlú ló sì mọ ọ̀gá tó kọ́ ọ. Lónìí, ẹni tó ru yanrìn fún oṣù mẹ́fà lè ra irinṣẹ́ ní oṣù keje, kó sì máa pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí onílé béèrè ilé mẹ́ta tí bíríkìlà náà ti rẹ́, kí ọ̀kan nínú wọn ti lo tó ọdún mẹ́ta. Kó lọ wò wọ́n fúnra rẹ̀, kó bá àwọn tó ni wọ́n sọ̀rọ̀, kó sì fi ìka kan ara ògiri. Bó bá ń dún bí igbá òfìfo, símẹ́ǹtì ibẹ̀ ti ṣí kúrò lára búlọ́ọ̀kù nìyẹn, ó ń dúró de ọjọ́ tí yóò já bọ́ ni. Bí bíríkìlà náà bá ní ìwé ẹ̀rí Trade Test tàbí ti NABTEB, ó dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ti ṣe ni ẹlẹ́rìí tó dájú jù.

Kí onílé gba iye owó lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, kó má sì sáré mú èyí tó kéré jù. Kí wọ́n wọn ògiri, kí wọ́n ṣe àdéhùn lórí iye ẹsẹ̀ bàtà, nítorí ẹni tó ń gba owó ojúmọ́ lè sọ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta di ti ọjọ́ mẹ́fà. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ: iye yàrá, ìwọ̀n yanrìn sí símẹ́ǹtì, iye owó, àti ọjọ́ tí yóò parí. Kí wọ́n má ṣe san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí wọ́n san díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n san díẹ̀ sí i bí iṣẹ́ bá dé ìdajì, kí ìyókù sì dúró di ìgbà tí ọjọ́ 7 omi bá pé. Kí àgbàlagbà tí kò lè dúró ti iṣẹ́ wá ẹni tó fọkàn tán, kí ẹni náà máa ka àpò òfìfo ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ọmọ tó ń fi owó ránṣẹ́ náà, ẹ má ṣe dá ẹrù gbogbo rẹ̀ lé ẹni kan ṣoṣo nínú ẹbí. Owó ilé ti da ọ̀pọ̀ ẹbí rú.

Bí a bá ní ká sọ òótọ́, kì í ṣe àwọn bíríkìlà nìkan ló jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ onílé ló ń já owó iṣẹ́ lulẹ̀ títí tí kò fi ní ku nǹkan kan fún ẹni tó mọṣẹ́. Àwọn mìíràn yóò pe òṣìṣẹ́ wá láàárọ̀ láì tí ì ra yanrìn, wọn yóò jẹ́ kó jókòó títí di ọ̀sán, wọn yóò sì ní àwọn kò ní san owó ọjọ́ náà. Àwọn kan tún wà tí wọn kì í san owó tó kù lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Oúnjẹ àti owó ọkọ̀ wọ́n fún bíríkìlà gẹ́gẹ́ bó ṣe wọ́n fún onílé. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Iṣẹ́ gidi tó owó gidi.

Ohun mìíràn tó ń kọni lóminú ni pé ní Èkó àti ìpínlẹ̀ Ògùn, púpọ̀ nínú àwọn tí onílé ń wá fún iṣẹ́ ilé rírẹ́, táìlì àti P.O.P. ló jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. A kò bá wọn jà. Ará ni wọ́n jẹ́ sí wa, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló sì ń polówó wọn. Ìbéèrè wa ni pé kí ló dé tí àwọn ọ̀dọ́ tiwa kò dúró kọ́ iṣẹ́ yìí yanjú? Ọ̀kadà ń mú owó wọlé lójoojúmọ́, ìkọ́ṣẹ́ sì ń gba sùúrù. Àwọn òbí náà sì ń fi ojú ẹni tí kò rọ́wọ́ mú wo ọmọ tó bá lọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà.

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ìjọba. Nígbà tí ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, tí ó pa ènìyàn tó ju 40 lọ, gbogbo orílẹ̀-èdè ló pariwo, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé kékeré tó ń bàjẹ́ mọ́ ẹni tó fẹ̀yìn tì lórí ní ìgbèríko kò lẹ́nu tó fi ń ké. A rọ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ láti fi irinṣẹ́ àti olùkọ́ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba, irú èyí tó wà ní Ìkòròdú àti Òṣogbo. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi orúkọ àwọn bíríkìlà tó ti yege sílẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀, kí ẹni tó bá ń wá oníṣẹ́ lè lọ wò ó láì san kọ́bọ̀. Kí ìjọba àpapọ̀ sì máa fi ojú sí iye tí símẹ́ǹtì jẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù, kí àdéhùn tí wọ́n bá ṣe lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà á.

Ẹgbẹ́ àwọn bíríkìlà ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe. Ẹgbẹ́ tó ń gba owó ọmọ ẹgbẹ́ ní oṣooṣù gbọ́dọ̀ lè pe ọmọ ẹgbẹ́ tó ba ilé onílé jẹ́ kó wá tún un ṣe. Bí wọ́n bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọkàn àwọn ènìyàn yóò balẹ̀ láti gbé iṣẹ́ fún wọn, àwọn tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ yóò sì wábi gbà.

Ẹ̀yin òbí wa tó ń kọ́ ilé lọ́wọ́, bí owó kò bá tíì tó, kò sí ìtìjú nínú kí búlọ́ọ̀kù wà níhòòhò fún ọdún kan sí i. Ẹ rẹ́ yàrá tí ẹ ń sùn ná, kí ẹ rẹ́ ẹ dáadáa, kí ẹ bu omi sí i fún ọjọ́ 7. Nígbà tí owó mìíràn bá dé, ẹ bọ́ sí yàrá kejì. Ilé tí wọ́n rẹ́ díẹ̀díẹ̀ tó dúró sàn ju èyí tí wọ́n rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan, tí òjò ọdún kan sì fọ̀ lulẹ̀.